Ariwo Kì í Ṣe Orin: Bí Mo Ti Lọ Ra Sípíkà ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, olówó lè fi ojú ra ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan níláti fi ọgbọ́n rà á. Owó tí mo kó dání láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kan kì í ṣe tèmi nìkan. Àwa mẹ́jọ, olùkọ́ àti oníṣòwò, ni a dá N10,000 jọ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, kí a lè ra sípíkà kékeré méjì tí a ó máa fi gbọ́ orin jáàsì àti orin àwọn ọ̀gá olórin Òyìnbó àtijọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. N80,000 kì í ṣe owó ńlá lóde òní, ṣùgbọ́n òógùn ènìyàn mẹ́jọ ni. Bí mo bá fi ṣe ìràkurà, kò sí òmíràn.

Ọ̀nà náà kò jìn. Ọkọ̀ wa gba Bọ́lọ́rundúró kọjá, ó gba Ọ̀wẹnà, igi kòkó lọ́tùn-ún lósì, kò sì pẹ́ tí a fi wọ Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn. Láti òpópónà Oba Adesida títí dé Ọjà Ọba, àfi bí ẹni pé gbogbo ẹnu ọ̀nà ló ní sípíkà tirẹ̀. Alágbo ń fi í pe oníbàárà, oníbàtà ń fi í pè, oníwàásù náà ń fi í pè. Èmi kò bú wọn o. Iṣẹ́ tí a rán irú sípíkà bẹ́ẹ̀ ni pé kí ó borí ariwo mọ́tò, ó sì ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ dùùrù àti akọrin ilé Ọlọ́run, bíi ti St. Stephen ní Òkè-Àlùkò, Oǹdó, mọ̀ pé ariwo kì í ṣe orin.

Ní ṣọ́ọ̀bù kìíní, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé èyí tí ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá síwájú mi, iná oríṣiríṣi ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. "Tíṣà, èyí á mi ilé yín tìtì!"

Mo ní, "Àbúrò, n kò fẹ́ kí ilé mi mì, orin ni mo fẹ́ gbọ́."

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wáàtì ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà PMPO. Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà mẹ́rin yìí: agbára ìṣẹ́jú akàn ni wọ́n fi ń ṣe fáàrí. RMS ni agbára tí ẹ̀rọ lè gbé láìsinmi. Òun ni kí ẹ béèrè.

Lọ́dọ̀ ẹni tí ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ni mo ti rí Wharfedale Diamond méjì, àpótí dúdú kéékèèké. Ilé-iṣẹ́ Wharfedale bẹ̀rẹ̀ ní Yorkshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1932. Ní 1982 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Diamond jáde fún àwọn tí owó wọn mọ níwọ̀n. Mo fi ìka tẹ ojú rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò họ. Mo yẹ etí rẹ̀ wò, nítorí èyí tí a fi fóòmù ṣe etí rẹ̀ máa ń jẹrà bó pẹ́. Ti rọ́bà ń tọ́ jù ú lọ. Mo fi bátìrì kékeré kan ẹ̀yìn wọn fẹ́ẹ́. Àwọn méjèèjì dáhùn "pọ́".

Lẹ́yìn náà ni mo fi orin tí mo mọ̀ dáadáa sí i láti inú fóònù mi: African Suite tí Fela Sowande kọ ní 1944 fún ohun èlò olókùn àti háàpù, àti Kind of Blue ti Miles Davis, 1959. Okùn tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jù lára báàsì ńlá ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Àpótí kékeré kò lè sọ ìyẹn jáde tán. Èyí tó ń parọ́ á sọ gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ di "bùm, bùm" kan náà. Olóòótọ́ á fi èyí tí agbára rẹ̀ kò ká sílẹ̀, ìyókù á sì mọ́ gaara. Mo gbọ́ ìka Paul Chambers lórí okùn báàsì, ohùn kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀. N kò tún wá ibòmíràn lọ.

N95,000 ni ó pè é. A ná an títí, ó gba N72,000. Ìyókù di owó wáyà àti owó ọkọ̀.

Bí ẹ bá gbé tiyín délé, ẹ má ṣe tì í sí igun ògiri, nítorí igun máa ń mú kí ohùn ìsàlẹ̀ wú. Ẹ gbé e sókè kí ó bá etí ẹni tó jókòó dọ́gba, kí àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì sì tó èyí tó wà láàárín wọn àti yín. Ògiri sìmẹ́ńtì lásán máa ń dá ohùn padà. Ẹ ta kọ́tìnì, ẹ tẹ́ ẹní.

Nígbà tí a gbọ́ tiwa ní Oǹdó, ìyá aláṣọ kan láàárín wa, tí ọkàn rẹ̀ kò tíì kúrò lára N10,000 rẹ̀, kò sọ nǹkan kan títí orin fi tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tíṣà, ẹ tún un fi sí i."

Ẹ̀yin tí ń lọ sọ́jà, orin tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ ni kí ẹ fi dán an wò. Ẹ má fi ti òǹtajà.