Ẹ Kọ́kọ́ Bi Wáyà Léèrè

Sáfà á dédé ní òun ò rí SSD mọ́. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún rí i. Kò ní pẹ́, á tún pòórá. Ọ̀dọ́ tó ń bójú tó o á pè mí: "Ọ̀gá, díráífù yìí ti kú o, ẹ jẹ́ ká wá owó òmíì." Èmi kì í yára gbà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ SSD ń kú, ó sì lè kú láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, ọ̀nà tó ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé wọ́n á ná owó gọbọi lórí díráífù tuntun, wọ́n á tún fi wáyà àtijọ́ so ó, àìsàn náà á sì padà dé. Ọlọ́jà ló kàn nìyẹn: wọ́n á ní ayédèrú ló tà fún àwọn. Mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ náà di ariwo lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ẹni tó tajà ò mọwọ́mẹsẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ da dátà tó ṣe pàtàkì kọ síbòmíì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àṣẹ dmesg, kẹ́ ẹ ka ohun tí Linux ti kọ sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí "hard resetting link", kọ̀ǹpútà ń sọ pé òun àti díráífù ò gbọ́ra yé mọ́, òun sì ti tún ìsopọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹjú mọ́ ìlà tó máa ń tẹ̀ lé e: "SATA link up 6.0 Gbps". Bí àṣìṣe bá ń pọ̀ sí i, Linux á dín eré kù sí 3.0, ó sì lè já a wá sí 1.5. Ọ̀nà tó lè gba mẹ́gábáìtì 600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan á wá di èyí tí ò lè gbà ju 150 lọ. Sáfà náà ò ní dáṣẹ́ sílẹ̀, á kàn máa wọ́ ni, àwọn tó ń lò ó á sì máa bú íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹlẹ́rìí tí mo fọkàn tán jù wà nínú díráífù fúnra rẹ̀. Àṣẹ smartctl ló ń fi í hàn, lára ọ̀pọ̀ SSD tó ń lo SATA, ìlà 199 ló máa ń wà. Bí ìgbà tí ìyá bá fowó rán ọmọ, tó sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé fún un ni: bí ẹni tó gbà á bá kà á tí kò pé, á dá ọmọ padà. Iye ìgbà tí ẹrù dátà ti bà jẹ́ lójú ọ̀nà báyìí ni ìlà 199 ń kà. Kì í padà sí òdo láéláé, nítorí náà ó lè jẹ́ ìjà àná ni nọ́ńbà ńlá tẹ́ ẹ rí níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ pààrọ̀ wáyà, kẹ́ ẹ fún sáfà níṣẹ́ gidi ṣe, kẹ́ ẹ tún wò ó. Bí kò bá sún, wáyà ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìlà 5 ló ń gòkè, èyí tó ń ka ibi ìpamọ́ tó ti bà jẹ́ nínú díráífù, ẹ ra òmíì, n ò ní bá yín jiyàn.

Ẹ tiẹ̀ yọ wáyà SATA kẹ́ ẹ wo ẹnu rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ méje ló wà níbẹ̀: mẹ́rin ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n ń gbé e bọ̀, mẹ́ta yòókù ń dáàbò bò wọ́n. Eruku ọyẹ́ ń bà lé e. Fáànù sáfà ń gbọ̀n ọ́n tọ̀sán-tòru, bí kò bá sì ní irin kékeré tó ń há a mọ́, díẹ̀díẹ̀ lá máa yọ. Òmíràn ti ká kọ́rọ́ lábẹ́ ìdérí. Ẹ má sì gbàgbé iná: SSD tó jẹ́ íńṣì 2.5 ń lo fóòtì 5, bí wáyà iná kan ṣoṣo bá sì ń bọ́ díráífù bíi mélòó kan, iná náà lè rẹlẹ̀ nígbà tí gbogbo wọn bá ń kọ dátà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pààrọ̀ wáyà, ojúhò tí wáyà ń wọ̀ àti iná pa pọ̀, sáfà rẹ̀ lè yá, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tó ṣe é.

SSD oríṣi NVMe tí wọ́n ń kì bọ ara bọ́ọ̀dù ò ní wáyà, síbẹ̀ òun náà ń sọnù. Bẹ́ ẹ bá rí "controller is down" pẹ̀lú CSTS=0xffffffff, kọ̀ǹpútà pè, ẹnikẹ́ni ò dáhùn ni. Nígbà míì, ṣe ni díráífù náà sùn wọra láti fi iná pamọ́, tí kò sì lè jí. Ẹ fi nvme_core.default_ps_max_latency_us=0 kún ìlà tí Linux fi ń bẹ̀rẹ̀, kó má lè sùn mọ́. Bí ìyẹn bá yanjú ìṣòro náà, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ sáfà náà, kí ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín má baà lọ yọ ọ́ kúrò.