ILẸ̀KÙN TÍ KÒ YẸ KÍ N ṢÍ

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ kàwé sí i lókè òkun, àti ẹ̀yin òbí wọn.

Lẹ́yìn ìsìn àná, arábìnrin kan nínú ìjọ wa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo fẹ́ ṣe GRE. Wọ́n ní mo lè ṣe é nílé lórí láptọ́ọ̀pù mi, mo sì lè lọ ṣe é ní sẹ́ńtà l'Ékòó. Èwo ni Ọlọ́run fọwọ́ sí?"

Tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá ti gbọ́wọ́ lé e lórí, ǹ bá sì ti sọ èyí tó bá kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n lánàá, mo ní kó jókòó. Mo ní, "Ọmọ mi, ká tó gbàdúrà, jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi fúnra mi ṣe fún ẹ." Ohun tí mo sọ fún un náà ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mi ò sọ ọ́ lórí pẹpẹ rí. Ojú ló ń tì mí.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, GRE ni ìdánwò tí ọ̀pọ̀ yunifásítì, pàápàá ní Amẹ́ríkà, máa ń wò tí èèyàn bá fẹ́ wọlé fún másításì tàbí PhD. Ilé iṣẹ́ ETS ló ń ṣe é. Òye èdè, ìṣirò àti àròkọ ló wà nínú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àfi kéèyàn lọ sí sẹ́ńtà. Ìgbà tí kòrónà dé lọ́dún 2020 ni wọ́n gbà kéèyàn máa ṣe é nílé, wọn ò sì fagi lé e lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ìdánwò kan náà ni, iye àkókò kan náà. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni wọ́n ti gé e kúrú sí wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 58.

Ọmọbìnrin mi àgbà fẹ́ lọ ṣe PhD. Ó san 220 dọ́là fún ìdánwò yìí. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe owó kékeré. Owó oṣù tíṣà ló ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pé.

Èkó ló fẹ́ lọ. Èmi ni mo ní rárá. Mo ní, kí ló dé tí wàá fi wọ mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Èkó, tí wàá tún máa wá ibi sùn, nígbà tí Ọlọ́run ti fún wa ní ilé? Mo tún fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ kún un. Mo ní ilé pásítọ̀ nìyí, ọwọ́ Ọlọ́run wà níbí. Ẹnu ọmọ wọhò. Ta ló fẹ́ bá bàbá rẹ̀ tó tún jẹ́ pásítọ̀ rẹ̀ jiyàn?

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó pe gbogbo wa jọ, ó ka òfin fún wa. Òun nìkan ló gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá, ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní pípadé. Ẹnì kan á máa wo òun láti inú kámẹ́rà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun á fi kámẹ́rà yí gbogbo yàrá ká kí wọ́n rí i. Kò sí ohun à-fi-sétí. Ìwé lásán gan-an wọn ò gbà fún ìṣirò, àfi pátákó funfun kékeré tó ṣeé nù, tàbí abala ìwé kan ṣoṣo nínú ọ̀rá tó mọ́ gaara. Tí ẹnikẹ́ni bá wọlé, ìdánwò lè parí síbẹ̀. Gbogbo wa ní a ti gbọ́. Ohùn tèmi ló ròkè jù.

Ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ni. Ìyàwó mi ti lé àwọn adìyẹ jìnnà sẹ́yìn ilé. Èmi jókòó sí pálọ̀, mo ń gbàdúrà jẹ́jẹ́. Nígbà tó tó bí ogójì ìṣẹ́jú, ó kàn wá sí mi lọ́kàn pé kí n lọ ta òróró sí ọmọ yìí lórí. Mo ní kò lè pẹ́. Mi ò kanlẹ̀kùn. Mo rọra ṣí i, mo yọ́ wọlé, ìgò òróró wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin ará, ọmọ yẹn ò pariwo. Kò wẹ̀yìn. Ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn sí mi bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Ohùn òyìnbó kan jáde látinú láptọ́ọ̀pù, ó béèrè pé ta nìyẹn. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n dá ìdánwò náà dúró.

Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ pé òróró ni mo gbé wá, pé kì í ṣe ìdáhùn?

Owó lọ. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló dùn wá jù. Òfin wọn ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ 21 kó tó tún ìdánwò yìí ṣe. Ìyẹn gbé e dé ọjọ́ 19 oṣù kejìlá. Ọjọ́ 15 ni ilé ìwé tó fẹ́ lọ máa ti ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀. Bí odidi ọdún kan ṣe lọ nìyẹn, nítorí bàbá tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ní pálọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fẹ́ sọ pé iṣẹ́ ọ̀tá ni. Ó ti dé ẹnu mi tán. Ìyàwó mi wò mí, ó ní, "Dádì, ọ̀tá wo? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn."

Mo dákẹ́. Mo lọ bá ọmọ mi ní yàrá. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kanlẹ̀kùn. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Dádì, ó ti tán." Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó tún máa sọ nǹkan tó bá fẹ́ ṣe fún mi. Ìyẹn ló dùn mí jùlọ, kí n má purọ́ fún yín.

Lọ́dún kejì, ó tètè forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, sẹ́ńtà l'Ékòó ló sì mú. Ó ti sùn sílé àǹtí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo bi í pé kí ni kí n ṣe. Ó ní, "Dádì, ẹ gbàdúrà látilé." Mo gbàdúrà látilé. Ọlọ́run gbọ́. Ó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀ báyìí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé ṣíṣe é nílé kò dáa. Arábìnrin kan tó ń fọ́mọ lọ́mú ṣe tirẹ̀ nílé, ó sì yọrí. Àyè wà tọ̀sán tòru fún ti ilé, ó wá mú aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí àdúgbò ti dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀. Ìnfátà wọn lágbára, dátà oríṣi méjì ló sì rà sílẹ̀. Fún un, ìrìn àjò Èkó ni ì bá jẹ́ wàhálà.

Nítorí náà, ìbéèrè ni mo bi arábìnrin àná. Ṣé ilé ìwé tó fẹ́ lọ ṣì ń béèrè GRE? Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ò béèrè rẹ̀ mọ́. Ṣé ó ní yàrá tó lè dá wà, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń padé dáadáa? Ó ní òun àti àwọn àbúrò òun méjì ló jọ ń gbé yàrá kan. Ṣé iná àti dátà rẹ̀ lè dúró fún wákàtí mẹ́ta láìṣẹ́jú? Ó mi orí. Ta ni nínú ilé yẹn tí kò lè dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá mi."

Mo ní, "Ṣé o rí i? O ti dá ara ẹ lóhùn."

Mo tún sọ fún un pé sẹ́ńtà náà ní tirẹ̀. Kó má gbéra lọ sí Èkó láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Orúkọ tó wà lórí páàsìpọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ bá èyí tó fi forúkọ sílẹ̀ mu. Tó bá fẹ́ yí ọjọ́ padà, kó ṣe é ó pẹ́ jù ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, kí owó má bàa wọgbó. Ibi yòówù kó ti ṣe é, kó fi àyè sílẹ̀ kí gbèdéke tó dé: ọjọ́ 21 bó bá di pé kó tún un ṣe, àti bí ọjọ́ mẹ́wàá kí èsì tó jáde.

Lẹ́yìn náà la wá gbàdúrà.

Jésù fúnra rẹ̀ ló fi ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ, pé ó yẹ kó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó tó máa ná. Ó wà nínú Lúùkù orí 14. Kéèyàn ṣírò kì í ṣe àìgbàgbọ́. Tí ọmọ bá ní òun fẹ́ ṣe ìdánwò nílé, kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é, gbogbo ilé ló ń ṣe é. Tí ilé ò bá lè ṣe é, ẹ jẹ́ kó lọ sí sẹ́ńtà, ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run dá a dúró.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, Ọlọ́run tí à ń gbàdúrà sí ti wà nínú yàrá yẹn ká tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Kò dìgbà tá a bá wọlé.

Mo gbàdúrà fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò: iná ò ní lọ mọ́ yín lójú, ọ̀nà ò ní dínà mọ́ yín, ẹni tó fẹ́ràn yín ò sì ní ṣèèṣì ba tiyín jẹ́, lórúkọ Jésù. Tẹ́ ẹ bá gbà á, ẹ kọ Àmín sísàlẹ̀. Kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí bàbá tàbí ìyá kan tí kò lè dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.