Òru Mẹ́ta ní Òtẹ́ẹ̀lì Ẹ̀bá Rélùwéè

Ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, mo sì mọ̀ pé bí àwọn kan nínú yín ti gbọ́ orúkọ yẹn, wọ́n ti fajú ro. Láàárín àwa Mùsùlùmí, ẹni tí wọ́n bá rí lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, àfi kí ó yára ṣàlàyé ohun tí ó gbé e débẹ̀. Ọtí ni a mọ̀ mọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ariwo ni a mọ̀ mọ́ ọn, àti ìwà tí kò ṣeé sọ létí ọmọdé. N kò ní jiyàn pé irú rẹ̀ kò sí. Ṣùgbọ́n àìsàn kì í bèèrè ibi tí ó wù wá kí a sùn kí ó tó gbé wa dé ìlú tí kì í ṣe tiwa.

Ìyá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Awọ funfun bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì, débi pé ohùn ni ó fi ń dá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ̀. Dókítà ojú kan ní Èkó ní kí a mú un wá, òun yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún ná. Ó ní kí a ti dé ní aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀. Ó sì kìlọ̀ fún wa lórí ohun kan: ìyá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bí ẹ̀jẹ̀ náà bá sì ga lówùúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, òun kò ní fọwọ́ kan ojú. A ó padà sílé ni, a ó sì tún máa retí ọjọ́ mìíràn. Ó ní kí ìyá lo oògùn rẹ̀, kí ó sùn dáadáa, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Àbúrò ìyá mi kan ń gbé ní Ìkòròdù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó sì fẹ́ kí a dé sí. Ẹni tí ó bá mọ Èkó mọ̀ pé láti Ìkòròdù dé Èbúté Mẹ́ta ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lè gba gbogbo àárọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Nítorí náà mo gba yàrá méjì ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Mobolaji Johnson ní Alágoméjì, nítorí ẹsẹ̀ kan ni ibẹ̀ sí ilé ìwòsàn náà. Kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì àwọn olówó ńlá, kì í sì í ṣe èyí tí a ó máa bẹ̀rù láti wọ̀. Àárín ni ó wà. Nígbà tí ìyá gbọ́, ó ní, "Ṣé láti ilé ọtí ni o fẹ́ kí n ti lọ bá dókítà?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, òru mẹ́ta péré ni."

Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni a wọ̀ láti Móníyà ní Ìbàdàn, èmi, ìyá àti ìyàwó mi. Láti ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin ti so Èkó mọ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ojú irin tuntun tí ó gùn tó kìlómítà 157 yìí, oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i ní gbangba. Ìrìn náà ju nǹkan bíi kìlómítà 80 lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìrìn àjò tí ó fún ènìyàn láyè láti dín ìrun kù, a kò sì ní lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko níbẹ̀. Nítorí náà ráká méjì-méjì ni a ń kí Àílà, Àlàásárì àti Ìṣáì. Àsùbáà àti Mọ̀gàríbì kò ní àdínkù.

Ọmọdébìnrin tí ó jókòó sídìí tábìlì àbáwọlé wo láwàní mi, ó wo ìborùn ìyá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo kọ orúkọ àti àdírẹ́sì wa sí i. Ó gba owó yàrá, ó sì gba owó ìdúró lé e, èyí tí ó ní wọn yóò dá padà nígbà tí a bá ń lọ. Àtẹ̀gùn ni a gùn lọ sókè. Ìyá fọwọ́ ti ògiri, ó ń kà á bí ó ti ń gùn ún: méjìdínlógún.

Aago mẹ́wàá kò tíì lù tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń mu ọtí wà lábẹ́ yàrá ìyá gan-an. Ìlù ń dún débi pé gíláàsì orí tábìlì ń gbọ̀n. Ìyá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fa tẹ̀sùbáà, oorun kò wá. Ìyàwó mi fi ẹ̀rọ kékeré tí a mú lọ́wọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: ó ti gòkè ju ti ọ̀sán lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ọmọdébìnrin náà ní, "Ẹ má bínú, Ààfáà, gbogbo yàrá ti kún. Tó bá di aago méjìlá, wọn á pa á." Mo ní, "Ọmọ mi, ìyá tí ó wà lókè yẹn, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un lọ́la. Bí kò bá sùn, wọn kò ní ṣe é mọ́." Ó tún wo ìwé iwájú rẹ̀, ó mi orí.

Níbẹ̀ ni obìnrin kan ti jáde láti ẹ̀yìn, àpò rẹ̀ ti wà léjìká, ilé ni ó ń lọ. Òun ni olórí àwọn tí ń tọ́jú yàrá. Àgbélébùú kékeré wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti gbọ́ ohun tí mo sọ. Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Yàrá kan wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn pátápátá. A kì í fún àlejò nítorí pé ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ ti bàjẹ́, fáànù nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bóyá ìyá lè fara dà á." Ẹ̀rín pa mí. Láti ìgbà tí a ti wọlé ni ìyá ti fi gèlè méjì wé etí nítorí ẹ̀rọ amúlétutù yẹn! Obìnrin náà fúnra rẹ̀ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì méjèèjì fún ìyá àti ìyàwó mi, ó sì di ìyá lọ́wọ́ mú sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. "Ẹ rọra, Mọ́mì, ó ku méjì." Èmi dúró sí yàrá mi lókè, mo sì lè jẹ́rìí pé kì í ṣe aago méjìlá ni ìlù náà dákẹ́, aago kan kọjá dáadáa.

Ọ̀rọ̀ àlùwàlá ni ó kù. Ilé ìwẹ̀ wọn mọ́, omi ń yọ, ṣùgbọ́n àwo ìfọwọ́ ga, ìyá kò sì lè gbé ẹsẹ̀ débẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ará Òkè Ọya kan, ni ó yá wa ní bútà rẹ̀. Mo bi í léèrè gábàsì, nítorí pé kò sí àmì kankan nínú yàrá. Ó na ọwọ́ sí ìlà oòrùn, ó sì yà á díẹ̀ sí àríwá, bí ó ti yẹ fún ẹni tí ó wà ní Èkó. Ó ní, "Màálàm, ibí ni."

Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri sọ pé aago méje ni oúnjẹ àárọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin àná ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún alásè kí ó tó lọ sílé. Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni alásè kan ilẹ̀kùn, ó gbé omi gbígbóná, búrẹ́dì àti ẹyin wá. Ìyá jẹun díẹ̀, ó lo oògùn rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ti wálẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n mú un wọlé.

Ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ni wọ́n tú ohun tí wọ́n fi bo ojú náà. Nígbà tí a padà dé òtẹ́ẹ̀lì, ìyá kọ̀, kò lọ sí yàrá. Ó ní kí a pe obìnrin náà wá. Obìnrin náà dé, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Ìyá dì í mú léjìká, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ohùn rẹ nìkan ni mo mọ̀. Jẹ́ kí n rí ọ." Ó wá gbàdúrà fún un, gbogbo wa ń ṣe àmín, títí kan ọmọdébìnrin ìdí tábìlì.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Ohun tí mo sanwó fún wà nínú rìsíìtì: yàrá, iná, oúnjẹ àárọ̀. Bútà kò sí níbẹ̀. Omi gbígbóná aago márùn-ún kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tí ó di arúgbó mú lórí àtẹ̀gùn kò sí níbẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì lè ta yàrá, ṣùgbọ́n kò lè ta ìgbàlejò. Ọwọ́ ènìyàn ni ìyẹn ti ń wá, ó sì lè wá láti ọwọ́ ẹni tí a kò retí.

Ànábì wa kọ́ wa pé ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀tọ́ àlejò, àti pé kí àlejò má gbé títí tí yóò fi di ìnira fún onílé. Ẹni tí ó sanwó lè rò pé apá kejì yẹn kò kan òun. Ó kàn án. Kí á má ṣe fi tówẹ́ẹ̀lì funfun nu ẹsẹ̀ eléruku. Kí á má ṣe da omi àlùwàlá sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà yọ̀ ṣubú. Kí á má ṣe gbé sítóòfù wọ yàrá. Ẹni tí yóò gbá ibẹ̀ lẹ́yìn wa, ọmọ ẹnìkan ni.

Ṣùgbọ́n kí á má ṣe dákẹ́ sórí ẹ̀tọ́ wa náà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé arúgbó tàbí ọmọ wẹ́wẹ́ lọ, ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó: níbo ni wọ́n ti ń mu ọtí, níbo ni ẹ̀rọ amúnáwá wà, àtẹ̀gùn mélòó ni a ó gùn? Ẹ bèèrè bóyá owó orí ọjà wà nínú iye tí wọ́n pè, nítorí láti ọdún 2020 ó ti di náírà 7.50 lórí ọgọ́rùn-ún náírà. Ẹ bèèrè aago tí ẹ gbọ́dọ̀ jáde, nítorí aago méjìlá ọ̀sán ni ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Kí ẹ sì ka ìwé owó dáadáa nígbà tí ẹ bá ń lọ. Wọ́n kọ owó omi inú ìgò kan tí a kò mu sínú tiwa. Mo fi hàn wọ́n pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì dá owó ìdúró wa padà.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ fi kádìí rẹ̀. Àwọn ìyá kan wà láàárín wa tí wọn kì í fẹ́ sọ níbi àsèjẹ pé òtẹ́ẹ̀lì ni ọmọ àwọn ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọmọ náà kò bá gbé ọtí, tí ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ó ń se oúnjẹ, tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lóru tí àwa ń sùn, kí ni ojú ń tì yín fún? Ẹ bá mi kí i nígbà tí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Kí Ọlọ́hun bá wa tọ́jú gbogbo arìnrìn-àjò, kí Ó sì fi àánú sí ọkàn àwọn tí yóò ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àmín.