Akọni Onírun Àwọ̀ Ewé

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990 ni eré àwòrán kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò sì pẹ́ rárá tí òkìkí rẹ̀ fi kàn dé ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín. Captain Planet ni orúkọ akọni inú rẹ̀. Ted Turner, oníléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, àti Barbara Pyle ni wọ́n pilẹ̀ rẹ̀. Ète wọn ni láti kọ́ àwọn ọmọdé bí a ṣe ń tọ́jú ayé tí a ń gbé. Gaia, tí í ṣe ẹ̀mí ilẹ̀ ayé, fún àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún ní òrùka márùn-ún. Ọ̀kan ní agbára ilẹ̀, èkejì ní ti iná, ẹ̀kẹta ní ti afẹ́fẹ́, ẹ̀kẹrin ní ti omi, ẹ̀karùn-ún sì ní ti ọkàn. Bí ọ̀ràn bá dójú ẹ̀, wọn á pa agbára òrùka wọn pọ̀, akọni onírun àwọ̀ ewé á yọ lójijì, á fi àwọn aṣebi ṣe ẹlẹ́yà, á fọ ìdọ̀tí wọn mọ́, eré á sì parí kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná.

Eré náà kún fún àṣehàn, àwàdà rẹ̀ kì í sì í fi gbogbo ìgbà dùn. Nítorí náà ni àwọn tí ó wò ó lọ́mọdé ṣe ń fi í rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n dàgbà. Ní ọdún 2011, òṣèré Don Cheadle fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú fíìmù kékeré kan níbi tí akọni náà ti ya ìkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ènìyàn di igi. Ní ọdún 2016, ìròyìn jáde pé ilé iṣẹ́ òṣèré Leonardo DiCaprio ń bá Paramount sọ̀rọ̀ láti sọ ọ́ di fíìmù. Ní ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Dynamite bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé alàwòrán tuntun jáde lórí rẹ̀, a sì tún gbọ́ pé Netflix ń gbèrò rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìgbà náà ń béèrè ni pé, bí a ó bá tún un ṣe, kí a kọ ọ́ ní kíkorò. Kí ẹ̀rín kúrò níbẹ̀, kí ojú akọni le.

Ọmọ mi àgbà wà nínú wọn. Nígbà tí ó wá kí wa ní Ìlọrin láìpẹ́ yìí, ó sọ fún mi pé, "Màmá, ẹ má bínú, eré yẹn tàn wá jẹ ni. Wọ́n ní ọwọ́ wa ni agbára wà. A dàgbà tán, a wo ọwọ́ wa, a ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí akọni náà fara gbọgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó kú, bí ó bá yẹ kí ó kú."

N kò já a níyàn. Ṣùgbọ́n mo bi í léèrè pé ibo gan-an ni ó fẹ́ kí ìkorò náà wà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ni a ó bù kún un, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Ibi méjì ni eré àtijọ́ náà ti purọ́ fún àwọn ọmọ wa, kò sì sí èyí tí ẹ̀jẹ̀ lè tún ṣe nínú méjèèjì.

Irọ́ àkọ́kọ́ wà lójú àwọn aṣebi. Ọ̀kan ní imú ẹlẹ́dẹ̀, òmíràn jọ eku, ìdọ̀tí a sì máa dùn mọ́ wọn bí oyin. Looten Plunder nìkan, oníṣòwò tí ń wọ kóòtù, ni ó fẹ́ jọ ẹni tí a lè bá pàdé. Ní ayé tiwa, ẹni tí ń ba ilẹ̀ jẹ́ kì í ní ìwo lórí. Ní ọdún 1988, ọdún méjì kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀, àṣírí tú ní Koko, ìlú èbúté kan tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà, tí ó wà ní Delta nísinsìnyí. Wọ́n ti ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá tò sí àgbàlá ẹnì kan níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí ó wà ní Ítálì ni wọ́n kọ́kọ́ ké gbàjarè. Onílẹ̀ náà kì í ṣe ìkà. Wọ́n ní nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù ni wọ́n ń san fún un, kò sì mọ ohun tí ó wà nínú àgbá. Ìjọba fi dandan lé e pé kí Ítálì kó ẹrù rẹ̀, ó sì ṣe òfin tuntun lórí ìdọ̀tí olóró lọ́dún náà gan-an. Ẹ wá wò ó: ta ni a ó ya imú ẹlẹ́dẹ̀ fún nínú ìtàn yìí? Oníṣòwò tí ó kówó jẹ ni, tàbí àwọn aṣọ́bodè tí ojú wọn kò rí i, tàbí ẹni tí ó fi àgbàlá rẹ̀ háyà nítorí àtijẹ?

Irọ́ kejì wà nínú àkókò. Ọdún 1990 tí eré yìí bẹ̀rẹ̀ náà ni àwọn ará Ogoni, ní agbègbè tí epo rọ̀bì ti ń jáde, dá ẹgbẹ́ MOSOP sílẹ̀ láti jà fún ilẹ̀ àti omi wọn. Ken Saro-Wiwa wà lára àwọn aṣíwájú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ẹni tí ọkùnrin náà ti jẹ́ fún wa tẹ́lẹ̀: òun ni ó kọ Basi and Company, eré apanilẹ́rìn-ín tí ó gbòde lórí tẹlifíṣọ̀n wa ní àwọn ọdún 1980. Aláwàdà ni, kò sì ní òrùka kankan lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kọkànlá, ọdún 1995, ìjọba ológun so òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ́ ní Port Harcourt. Captain Planet kò tíì kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà. Ọdún 1996 ni ó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Mo rántí pé ní ọ̀sẹ̀ yẹn, rédíò ni àwa àgbà pagbo yí ká nínú yàrá kan, ọmọ mi sì wà ní yàrá kejì pẹ̀lú àwọn akọni rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Kò sí ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ní ọdún 2011, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí ọ̀ràn àyíká gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ilẹ̀ Ogoni. Ní àdúgbò kan, wọ́n bá benzene, kẹ́míkà tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ, nínú omi kànga tí àwọn ènìyàn ń mu, ó sì ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ ní ìlọ́po 900. Wọ́n ní ó lè gba ọdún 25 sí 30 kí ilẹ̀ àti omi náà tó bọ̀ sípò. Ọdún 2016 ni ìjọba tó ṣí iṣẹ́ ìfọ̀mọ́ náà. Nínú eré àwòrán, ìdajì wákàtí ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kì í ṣe akọni ni ó yẹ kí a mú korò. Àbájáde ìwà ni. Àwọn baba ńlá wa mọ èyí dájú. Ẹ wo Ìjàpá nínú àlọ́. Àṣehàn pọ̀ lọ́wọ́ tirẹ̀ náà, a sì ń fi í rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n nígbà tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́, tí wọ́n tò ó pọ̀, ojú ibi tí ó ti fọ́ kò parẹ́ títí di òní. Ẹ̀rín kò dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, àlọ́ mìíràn kò sì wá dán ẹ̀yìn Ìjàpá padà. Bẹ́ẹ̀ sì ni Ìjàpá kì í ṣe àjèjì. A mọ̀ ọ́n, a mọ Yánníbo ìyàwó rẹ̀, a sì mọ̀ pé ìwà rẹ̀ wà lára wa.

Ẹ tún wo èdè wa. Bí ènìyàn méjì bá bá ara wọn dá májẹ̀mú, a ní wọ́n mulẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ ẹ́, a ní ó dalẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ sì ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí, ilẹ̀ náà sì ni onídàájọ́, nítorí ẹni tí ó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Kwame ni wọ́n fún ní òrùka ilẹ̀ nínú eré náà. Orúkọ ọmọkùnrin tí a bí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láàrin àwọn Akan ni Kwame, ṣùgbọ́n Áfíríkà ṣá ni wọ́n ní ó ti wá, nígbà tí a mọ̀ pé Brooklyn ni ti Wheeler, ọmọ Amẹ́ríkà. Ọmọ tí kò ní ìlú ni wọ́n fi ṣọ́ ilẹ̀. Ẹni tí yóò bá tún eré náà kọ, kí ó kọ́kọ́ fún Kwame ní ìlú, kí ó fún un ní ìyá tí ń dáná, kí ó sì fún un ní ẹ̀gbọ́n tí ń wá iṣẹ́.

Bí ó bá jẹ́ Ìlọrin ni wọ́n fún un, mo mọ ohun tí yóò bá pàdé. Kò ní bá epo rọ̀bì níhìn-ín. Yóò bá odò Àsà tí ó gba àárín ìlú kọjá, tí ọ̀rá àti ìdọ̀tí ilé oníkálukú wa ń bá lọ. Bí ó bá sì jáde sí ọ̀nà oko, yóò rí àpò èédú tí wọ́n tò sí etí títì, ọ̀pọ̀ wọn láti ara igi òrí àti igi irúgbá, tí kì í dàgbà lọ́dún kan tàbí méjì. Igi tí ń fún wa ní irú ni a ń sun di èédú, kí ọbẹ̀ tí a fi irú sí lè jinná. Ta ni aṣebi ibẹ̀? Ẹ̀gbọ́n Kwame ni ó gé igi náà, nítorí kò rí iṣẹ́ mìíràn. Ìyá Kwame ni ó ra èédú, nítorí gáàsì wọ́n. Bí akọni onírun àwọ̀ ewé bá yọ lójijì níbẹ̀, ta ni yóò lù? Eré tí ó bá lè dúró ti ìbéèrè yẹn láìsá, òun ni mo kà sí eré tí ó korò.

Ọmọ mi ní kí wọ́n yọ òrùka karùn-ún kúrò, nítorí ìgbà gbogbo ni wọ́n ń fi ọmọ tí ó gba agbára ọkàn ṣe ẹlẹ́yà. Mo ní kí wọ́n má dán an wò. Iná kò lè dá ẹjọ́ ìyá Kwame, bẹ́ẹ̀ ni omi kò lè dá a. Kí wọ́n má sì mú gbogbo ẹ̀rín lọ. Ẹni tí ó bá fọ ewúro títí tí kò korò mọ́ ti sọ ọ́ di ewé lásán. Ẹni tí kò bá sì fọ̀ ọ́ rárá kò lè rí ọmọdé fún jẹ. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe eré náà fọ ewúro tiwọn ní àfọ̀jù. Kí àwọn tí ń bọ̀ rántí pé ọmọdé ni yóò jẹ ẹ́, àti pé ilẹ̀ tí ọmọ náà yóò jogún kò tíì mọ́.