Òǹkà Tó Wà Lára Ìndómì: Ṣé Ó Ṣeé Gbà Gbọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ní ìtìjú díẹ̀ nínú fún èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní kéú ní Ọ̀yọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí mo sì tún ka ìwé Òyìnbó. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Èmi kò béèrè, mo sì ṣìnà.

Ní ọdún tó kọjá, dókítà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ sọ fún mi pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ọmọbìnrin mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa oúnjẹ ní LAUTECH ló mú mi lọ síbẹ̀. Obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn aláìsàn ní kí n ra ìwé kékeré kan, kí n máa kọ gbogbo ohun tí mo bá jẹ sínú rẹ̀, pẹ̀lú iye kálórì rẹ̀ níbi tí mo bá ti rí i kà.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ta ló kọ òǹkà sára àmàlà? Ta ló kọ ọ́ sára gbẹ̀gìrì? Ìndómì nìkan ló gbé òǹkà tirẹ̀ wá sílé mi. (Mo mọ̀ pé orúkọ ọjà kan ni, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo wa ń pe irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ nìyẹn.) Báyìí ni mo ṣe sá fún àmàlà, tí mo sá tọ ìndómì. Ní òwúrọ̀, kí àwọn ọmọ kéú tó dé, ìyàwó mi á ti sè é. Mo ka ara páàkì: 330. Mo kọ 330 sínú ìwé mi, ọkàn mi sì balẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣúgà kò lọ sílẹ̀, ara mi kò fúyẹ́. Obìnrin náà yẹ ìwé mi wò, ó ní, "Àáfà, páàkì mélòó lẹ máa ń jẹ?"

Mo ní, "Méjì ni. Ọ̀kan kò lè yó àgbàlagbà."

"Òróró ńkọ́?"

"Ṣíbí ìjẹun ńlá méjì."

"Ẹyin ńkọ́?"

"Ẹyọ kan péré."

Ó ṣírò rẹ̀ lójú mi. Ìndómì méjì, 660. Ṣíbí òróró kan tó bí 120, méjì di 240. Ẹyin, bí 70. Àpapọ̀ rẹ̀ 970. Èmi sì ti ń kọ 330 láti oṣù kan!

Inú bí mi. Mo ní irọ́ ni àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń pa fún wa. Ọmọ mi ní, "Bàbá mi, ẹ má tíì bínú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí òǹkà náà ti wá." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, nítorí pé nílé-kéú, bí ẹnìkan bá mú hadiisi wá, a ó béèrè ẹni tó gbọ́ ọ àti ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kí a tó gbà á.

Ó ṣàlàyé pé ará Amẹ́ríkà kan, W. O. Atwater, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní ìparí ọ̀rúndún 19, jó oúnjẹ láti mọ ooru tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì yọ èyí tí ara kì í lò kúrò. Wọ́n rí i pé gíráàmù kan kabohaidiréètì ń fún ara ní kálórì bí 4, purotéènì 4, ọ̀rá 9. Ìṣirò yìí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣì ń lò. Ọ̀rá sì pọ̀ nínú ìndómì nítorí pé inú òróró gbígbóná ni wọ́n ti ń dín ọ̀pọ̀ rẹ̀ kí ó lè gbẹ, gẹ́gẹ́ bí Momofuku Ando ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Japan ní 1958.

A mú páàkì méjì tí kì í ṣe ọjà ilé-iṣẹ́ kan náà. Lára àkọ́kọ́, kabohaidiréètì 46, purotéènì 7, ọ̀rá 13: àpapọ̀ 329. Wọ́n kọ 330. Ó bára mu. Lára èkejì, 48, 6 àti 14: àpapọ̀ 342. Wọ́n kọ 290! Ẹ rí i pé irúgbá kan náà kọ́ ni gbogbo wọn.

Kódà èyí tó bára mu, ìfojúdá ni. Ní Amẹ́ríkà, òfin gbà kí kálórì inú oúnjẹ fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ju ohun tí wọ́n kọ lọ, kí ìjọba tó dá wọn lẹ́bi. 330 lè di 396. Nọ́ńbà NAFDAC náà ń sọ fún wa pé wọ́n ti forúkọ oúnjẹ náà sílẹ̀. Kò bá wa ka ohun tí a bù sínú àwo.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣe sí òǹkà yìí bí a ti ń ṣe sí kóńgò ní ọjà Akẹ̀sán. A kì í torí pé àwọn kan ń lu ìdí kóńgò wọlé ká má ra gààrí mọ́. Ìdí rẹ̀ là ń wò. Ẹ wo bóyá ti gíráàmù 100 ni òǹkà náà, tàbí ti odindi páàkì. Ẹ wo bóyá kálórì ni tàbí kilojoule, nítorí 330 kálórì tó nǹkan bí 1,380 kilojoule. Ẹ fi 4, 4 àti 9 ṣírò rẹ̀. Kí ẹ sì rántí iyọ̀, tí òǹkà kálórì kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ti àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, inú ẹ̀lọ̀ yẹn ni èyí tó pọ̀ jù wà.

Mo ti padà sídìí àmàlà mi, òkèlè díẹ̀, ẹ̀fọ́ púpọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ọmọ mi á pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́: "Bàbá mi, kí lẹ kọ?" Òótọ́ ni mo ń sọ fún un báyìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Suratul-Mutaffifiina, tí mo ń kìlọ̀ fún wọn nípa àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù fún ẹlòmíràn. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè jókòó sílé ara rẹ̀, kí ó fi gègé àti ìwé dín in kù fún ara rẹ̀. Kí Ọlọ́hun là wá lójú.