Ibi tí Ilé-Ìsìn Wa ti Ń Jò

Ní ọdún 1974, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, olùkọ́ ìṣirò wa fún ẹgbẹ́ wa ní téèpù kan, ó ní kí a lọ wọn ilé-ìsìn ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí a sì yà á sínú ìwé. Iṣẹ́ jọ́mẹ́tírì ni. Wọ́n ti wó ilé náà láti kọ́ ti òní, ṣùgbọ́n ìwé ìyàwòrán náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ohun ìyangàn ni mo kà á sí, títí di ìgbà tí ọmọ-ọmọ mi wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ọmọ náà máa ń kọ́ ilé sínú Quake, eré orí kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ id Software ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1996, tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé ṣì ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ibùdó tuntun fún. Èmi kò fẹ́ràn eré náà. Ìbọn pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ilé-ìsìn yín yìí, a ò ní fi ìbọn síbẹ̀," ọkàn mi rọ̀.

Mo wá rí i pé jọ́mẹ́tírì tí a kọ́ ni wọ́n ń lò. Búlọ́ọ̀kù ni a fi ń kọ́ gbogbo rẹ̀. Bí a bá na okùn láti ibi kan nínú búlọ́ọ̀kù dé ibòmíràn nínú rẹ̀, okùn náà kò gbọdọ̀ gba ìta kọjá. Nítorí náà, ògiri tí ó bá ṣẹ́ ní igun kì í ṣe búlọ́ọ̀kù kan, ó kéré tán, méjì ni. Igun gbogbo sì gbọ́dọ̀ jókòó sórí àwọn ìlà tí ó dábùú ara wọn bí ti ìwé gíráàfù. Bí igun bá bọ́ sí àárín ìlà méjì, àlàfo tín-ín-rín lè yọ níbi tí ojú rí i pé ògiri ti pàdé. Wọ́n ní ibùdó náà ń jò nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí òrùlé ti ń jò. Bí kò bá dì pinpin, tí ọ̀nà kan wà láti inú ilé bọ́ sí òfìfo ìta, kọ̀ǹpútà kò ní lè ṣírò ohun tí a lè rí láti yàrá kan sí èkejì, eré náà yóò sì máa wọ́. Ilẹ̀kùn pàápàá kò lè dí i, nítorí ohun tí ń ṣí tí ń pa dé kì í ṣe ògiri lójú kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà ní láti mọ ògiri sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ńlá wa.

Síbẹ̀síbẹ̀, ó jò. Kọ̀ǹpútà fa ìlà kan láti ibi tí ẹni tí ń ṣeré yóò dúró sí, ó gba igun àríwá lápá ìlà-oòrùn jáde sínú òfìfo. Mo dámọ̀ràn pé kí a fi àpótí ńlá kan bo gbogbo ilé náà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá àgbà, ìyẹn á kàn pa á lẹ́nu mọ́ ni, kò ní dí ihò náà. Kọ̀ǹpútà á wá máa ru gbogbo ẹ̀yìn ògiri tí ẹnikẹ́ni kò ní rí láéláé." Ó wá tọ́ka sí ìwé mi. "Ẹ kọ ọ́ pé ògiri gúúsù jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 61, ti àríwá sì jẹ́ 60. Mo ní láti yí ògiri ìlà-oòrùn díẹ̀ kí wọ́n tó pàdé, ibẹ̀ ni igun ti kúrò lórí ìlà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ilé náà rí ni?"

Mo dákẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n wọn ògiri àríwá. Koríko ga níbẹ̀, agogo oúnjẹ sì ti lù. Mo fojú bù ú, mo kọ 60, mo sì fi rúlà tẹ ìlà ìlà-oòrùn títí ó fi bá a pàdé lórí ìwé. Olùkọ́ wa fún wa ní máàkì tí ó ga jù lọ, ó gbé ìwé náà sókè kí gbogbo kíláàsì rí i. Mo ti fi ìtàn máàkì yẹn ṣe àpèjúwe nínú ìwàásù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Mo sọ òtítọ́ fún ọmọ náà. Ó béèrè bóyá kí òun sọ ọ́ di 61. Mo ní rárá, fífojú-bù kejì nìyẹn.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́: ẹni tí ó bá ní fọ́tò tí ògiri àríwá ti hàn láti igun dé igun, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí olóòtú ìwé yìí. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọn kò sì rẹ́ ẹ. Bí àwòrán bá mọ́ tó, a ó kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.