Ihò Kẹta

Ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri yàrá yín dáadáa. Ihò mẹ́ta ló ní, àbí? Ẹ bi ẹni tí ẹ jọ ń gbé pé kí ni iṣẹ́ èyí tó wà lókè. Tí kò bá dáhùn pé bírò la máa ń kì bọ̀ ọ́ kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé, ẹ wá bá mi.

Nílé Màmá àgbà ní Àgbádárìgì, igi tín-ín-rín kan ni wọ́n lò. Bọ́ílà tó wà lára ògiri balùwẹ̀ wọn, tòkunbọ̀ ni. Láti Kútọnù ló ti gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, ó sì ti lé lógún ọdún. Ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ rí roboto, ti àwọn Faransé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn yàtọ̀ sí tiwa: irin earth ń yọ jáde lára ògiri, púlọ́ọ̀gì ló wá ní ihò tó ń gbà á. Tiwa, tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, òdìkejì ni. Ara púlọ́ọ̀gì ni irin náà wà, ó gùn ju méjì yòókù lọ kó lè kọ́kọ́ wọlé, òun ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹ wá rò ó wò: ihò pàdé ihò. Iná á wọlé, omi á gbóná, ṣùgbọ́n wáyà earth ò kan nǹkan kan. Igi yẹn ṣílẹ̀kùn lóòótọ́, onílé ni ò sí nílé.

Ọdún ń gorí ọdún, kò sí wàhálà. Ìgbà tó yá ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé làkúrègbé ti dé sí àwọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti di ẹnu ẹ̀rọ omi mú láàárọ̀, ọwọ́ á máa ta wọ́n ṣìnṣìn títí dé ìgúnpá. Róbù ni wọ́n fi ń para, odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Àfìgbà tí àbúrò mi lọ wẹ̀, tó sá jáde tòun tọṣẹ lójú, tó ń pariwo pé ẹ̀rọ gé òun jẹ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò kúkú ní làkúrègbé.

Gbogbo ilé ti dájọ́: bọ́ílà ti darúgbó, omi rẹ̀ ò tiẹ̀ tètè gbóná mọ́, atẹ́gùn òkun ti jẹ ẹ́, ẹ gbé e sọnù. Bọ̀ọ̀dá oníná tí a pè kò dá wọn lóhùn. Ó kọ́kọ́ ki mítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. "Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, kà á fún mi." Volt 165. Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé: bọ́ílà oní-watt 1,500 tí wọ́n ṣe fún volt 230, tí iná bá wálẹ̀ sí 165, nǹkan bí watt 770 ló kù. Ìdajì ni. Ní ti ẹ̀sùn pé omi ò tètè gbóná, bọ́ílà ò jẹ̀bi o.

Ó pa bíréékà, ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó tún fi tẹ́sítà wò ó kó tó fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Nígbà tó ṣí ìdérí, ibi tí wọ́n so wáyà mọ́ ti di àwọ̀ ewé, iṣẹ́ iyọ̀ inú atẹ́gùn nìyẹn. Ó ha á, ó dè é le. Ó wọn element láti etí kan dé ìkejì: ohm 35, bó ṣe yẹ. Gbogbo wa mí kanlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹsẹ̀ mítà kan kan ara irin bọ́ílà, ó fi ìkejì kan element. Níbi tí kò ti yẹ kí iná rọ́nà kọjá rárá, mítà ń kà. Element ti sán, iná ń jò sínú omi tí wọ́n fi ń wẹ̀.

"Kékeré ló ń jò, bíréékà ò lè mọ̀," ó ní. Òótọ́ ni, bíréékà lásán ń dúró de iná ńlá kó tó já. Bẹ́ẹ̀ milliamp 30 péré, tó bá gba àyà kọjá, lè da ọkàn èèyàn rú. Ká ní wáyà earth kan nǹkan ni, èyí tó ń jò ì bá ti bá a lọ sínú ilẹ̀. Kò rọ́nà. Ó jókòó sára páìpù, ó ń dúró de ẹlẹ́sẹ̀ tútù.

Ó gé púlọ́ọ̀gì Faransé dànù, ẹ̀yìn rẹ̀ ti jó dúdú nítorí kò fìgbà kan wọ ihò wa ṣinṣin. Ó fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rọ́pò rẹ̀, ó pààrọ̀ element, ó sì fi irú bíréékà kan sí i tó máa ń já tí èyí tó ń jò bá ti tó milliamp 30. Ó wá ku ilẹ̀. Irin earth ilé náà, nígbà tó hú u, ìpẹta ti jẹ ẹ́ kù bí ọwọ̀. Ó fẹ́ ri tuntun mọ́ iwájú ilé, nínú yanrìn gbígbẹ tí iná kì í fẹ́ gbà kọjá.

"Ọmọ mi, fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀," Màmá ní. "Lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi ìwẹ̀ ń ṣàn síbẹ̀, kì í gbẹ."

Ibẹ̀ náà ló rì í sí. Ó tan iná, ó gbé tẹ́sítà lé ẹnu ẹ̀rọ, kò tàn. Màmá ní kò tíì tó o, kó kọ́kọ́ wọlé lọ wẹ̀ níbẹ̀ kí àwọn tó sanwó. Ó sì wẹ̀.